Èémí Létí Òsì

Orin ìṣẹ́jú méje ni. Nígbà tí Tokuji Hatanaka jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, kò sí nǹkan kan lára àtàńpàkò rẹ̀. Nígbà tí orin parí tó la ojú, báńdéèjì wà lára àtàńpàkò náà, ó mọ́ tónítóní, ẹnìkan sì ti fi sùúrù dì í. Ó tú u. Egbò wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ń san.

Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíràn fún. Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tó wọ̀ jókòó. Tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì gbóná, ṣùgbọ́n ife búlúù ló bù ú sí, ife tó wà níbẹ̀ funfun. Ó ní, "Ó dáa," bí àgbàlagbà ṣe máa ń wí nígbà tí nǹkan ò dáa rárá.

Kò sí ohun tí í bí ọkùnrin yìí nínú tó pé kí wọ́n ní ó sùn lọ nídìí orin. Ogójì ọdún ló fi ń tún dùùrù ṣe káàkiri ìlú Kanazawa, ní ilé ẹ̀kọ́, ní gbọ̀ngàn orin, àti nílé àwọn olówó tí kì í fi dùùrù ṣe ju pé kí wọ́n gbé òdòdó lé e. Etí ni ó fi ń jẹun. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, síbẹ̀ ó ṣì lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó sọ fún ọ pé fìríìjì aládùúgbò ò ní pẹ́ bàjẹ́, kó sì rí bẹ́ẹ̀. Nítorí etí yìí ni Orito ṣe ń gbé iṣẹ́ wá fún un lọ́dọọdún.

Orito ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ orin tó wà lẹ́bàá odò. Nígbà ìrúwé, ó máa ń pe àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, yóò sì fi àwo orin mẹ́wàá dá wọn lára yá, irú orin mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn àwo wọ̀nyí kì í ṣe àwo lásán. Àwọn tó ṣe wọ́n kó ohùn sínú wọn débi pé, tí ẹ̀rọ rẹ bá dára, o ó gbọ́ àga tó ń ké lábẹ́ ẹni tí ń fun fèrè, o ó gbọ́ bí akọrin ṣe gbé itọ́ mì kó tó la ẹnu. Tokuji ni yóò yan mẹ́wàá nínú ọgbọ̀n tí Orito bá kó wá. Yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì kékeré kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ẹ tẹ́tí sí ìṣẹ́jú kẹta. Ẹni tí ń ta gìtá rẹ́rìn-ín díẹ̀." Àwọn èèyàn á mú káàdì náà dání, wọ́n á tẹ̀ síwájú lórí àga wọn, wọ́n á máa retí ẹ̀rín ẹni tí wọn ò rí rí.

Àwo tó kọ́kọ́ mú lọ́dún yìí kì í ṣe àjèjì sí i. Nínú gbọ̀ngàn orin ìlú wọn níbẹ̀ ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Òyìnbó kan ló tẹ dùùrù. Fusae, ìyàwó Tokuji, ló bá a ṣí ìwé.

Iṣẹ́ Fusae nìyẹn, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tí ń ṣí ìwé fún olórin kò gbọ́dọ̀ dún. Kò gbọ́dọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀gbà. Ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ dùùrù ló máa ń jókòó sí, tó bá sì tó àkókò láti dìde, yóò fa èémí díẹ̀ sínú, yóò mú un dúró, yóò na ọwọ́.

Ó ti sọ fún Tokuji rí pé, "Èmi kì í ka ìwé yẹn tẹ̀lé wọn. Àgbọ̀n wọn ni mò ń wò. Tí wọ́n bá ti mi orí báyìí, mo ṣí i nìyẹn. Tí wọ́n bá gbọn orí pé rárá, á jẹ́ pé wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀, mo máa ń dá a padà síbi tí àmì bá wà."

"Tèmi ńkọ́?" ni Tokuji wí. "Ṣé o máa ń wo àgbọ̀n tèmi?"

"Tiyín, Bàbá Chinami? Oúnjẹ ló ń mi tiyín ní gbogbo ìgbà. Tí mo bá ń tẹ̀ lé e, ìwé á ti tán tipẹ́."

Ìgbà òtútù ọdún méjì sẹ́yìn ni Fusae kú. Ó rọ Tokuji lọ́rùn láti rántí ogún ọdún sẹ́yìn ju kó rántí ìgbà náà lọ. Ti ọsibítù, ó rántí díẹ̀. Ti ìsìnkú, kò rántí ohunkóhun. Chinami ọmọ rẹ̀ ló ń sọ fún un pé ó dúró gbọn-in, pé ó tẹríba fún gbogbo ẹni tó wá, pé àwo tí Màámi ti ṣíwèé ni àwọn lò níbẹ̀. Ohun tó kù lọ́kàn rẹ̀ ni pé ó la ojú lọ́jọ́ kan, ìgbà ìrúwé ti dé, ó wà nílé òun nìkan. Ó gbà pé bí ìbànújẹ́ ṣe máa ń ṣeni nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ ti gùn mọ́ ọn lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ kí ọjọ́ gùn lọ.

Ó ti gbọ́ àwo náà tẹ́lẹ̀ rí, lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Lórí ẹ̀rọ tuntun tó rà lọ́dọ̀ Orito ló tó gbọ́ èémí. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, sípíkà òsì mú un jáde, kékeré, ó mọ́ gaara: obìnrin kan fa èémí sínú, ó sì mú un dúró. Omi lé sí Tokuji lójú. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé, bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ nìyẹn. Ohun tó sì tún mọ̀ ni àtàńpàkò tí wọ́n di.

Ọjọ́ kejì ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù Orito. Àpótí àwọn sípíkà tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà, Orito sì dúró láàárín wọn, ó ń jẹ bískíìtì.

"Bàbá, ẹ ò ní jẹ́ kí èèyàn sinmi. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí níjẹta."

"Níjẹta? Èmi?"

"Rárá, bàbá mìíràn tó jọ yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí àtàńpàkò rẹ̀. "Ó ti ń san? Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n bó èso yẹn fún yín, ẹ kọ̀, àfi ìgbà tí ọ̀bẹ gé yín. Èmi ni mo di í, ẹ ti gbàgbé? Ẹ ò tilẹ̀ sọ pé ó dùn yín. Ẹ kàn ń wò mí, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Tokuji wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti lọ.

Kò sọ fún un. Ó kàn ní kí ó gbé àwo náà sí i, kí ó tẹ́tí sí ìṣẹ́jú kẹrin, lápá òsì. Orito di ojú, ó tẹ́tí bí ẹni tó mọṣẹ́. Tokuji gbọ́ èémí náà bí ìgbà tí ènìyàn mí sí i létí, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú Orito lásìkò náà, kò ráyè mi orí, nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni Orito wí. "Ẹ̀yin àti etí yín yìí. Lọ́jọ́ kan ẹ ó gbọ́ ohun tí mò ń rò."

Lálẹ́ ọjọ́ náà Chinami pè é láti Osaka. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà. Inú ọkọ̀ òkun ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kò sì ní sí nílé títí di oṣù Ẹrẹ́nà.

"Ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé ni wọ́n dá fún mi, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí n nìkan wà níbẹ̀ o. Màámi ò sí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

"Tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti nù ún tán," ni Tokuji wí, "ọwọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Mo ṣèlérí."

Nǹkan sì tú lára rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti ọdún méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọjọ́ kan ń bọ̀ níwájú tó ń wù ú láti dé.

Àwo kejì jẹ́ ti àwọn obìnrin akọrin ilẹ̀ Norway, nínú ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan. Kò sí dùùrù níbẹ̀, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni ń ṣí. Inú orí ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Tokuji yàn án nítorí ìparọ́rọ́ tó wà lẹ́yìn ohùn wọn. Ó gbọ́ yìnyín tó ń yọ̀ láti orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́ bàtà tó yí lórí pákó. Ó wá gbọ́ ọ, lápá òsì, ó sún mọ́ ọn ju ti àkọ́kọ́ lọ: èémí tí obìnrin kan fà sínú, tó mú dúró, tí kò sì tú sílẹ̀. Ara rẹ̀ tutù. Fusae tó jẹ́ pé Osaka lọ́hùn-ún ló jìnnà jù tó dé láyé rẹ̀, kí ló ń wá nínú ṣọ́ọ̀ṣì Norway?

Ó rọra mi orí.

Nígbà tó la ojú, wọ́n ti so okùn mọ́ gbogbo igi páìnì tó wà lójú fèrèsé kí yìnyín má baà fà wọ́n ya. Nígbà tó jókòó, kò sí okùn kan. Káàdì mẹ́ta wà lórí tábìlì, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni: ti àwọn akọrin Norway, ti jáàsì, ti fèrè ọparun. Kò tíì gbọ́ ti jáàsì. Kò tíì gbọ́ ti fèrè. Ó ka ohun tí òun kọ, ó sì dára. Ó dára ju èyí tí òun ìbá kọ lọ.

Níbẹ̀ ló ti yé e. Kì í ṣe oorun, kì í ṣe ogbó. Fusae ló jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ń wo àgbọ̀n rẹ̀, ó ń bá a ṣí ìwé ọjọ́ ayé rẹ̀. Orin ń lọ lójú ìwé tí wọ́n ṣí kọjá, àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ ọ, òun nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ ó rò pé ẹ̀rù bà á. Ó bà á, fún ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi ń bu tíì mu. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Ìyàwó rẹ̀ ò lọ. Ó sì ń ràn án lọ́wọ́ nídìí ohun kan ṣoṣo tó ń pa á lára, gígùn ọjọ́.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀pẹ ni àyájọ́ ikú Fusae. Lọ́dún tó kọjá, Tokuji fi odindi ọjọ́ náà jókòó síwájú àpótí ìrántí rẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ àti òdòdó sí fún òkú nílé, pẹ̀lú ìrẹsì tó ti di dídì, kò lè jẹ, kò lè sunkún. Lọ́dún yìí, ó mọ ohun tó máa ṣe. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó gbé àwo jáàsì sí i: ọkùnrin mẹ́ta nínú yàrá kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lórí ìlù, ọ̀kan lórí dùùrù, ọ̀kan lórí gòjé ńlá. Ẹni tí ń lu ìlù fi ọwọ̀ tín-ín-rín gbá awọ, ó dún bí òjò lórí ewé. Ó dé ibi tí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gbọ́ ọ.

"Ó ṣeun, Ìyá Chinami," ni Tokuji wí, ó sì mi orí bí ọba.

Ogúnjọ́ oṣù Ọ̀pẹ. Wọ́n ti pààrọ̀ òdòdó ìdí àpótí ìrántí, tùràrí ti jó tán, ìrẹsì ti wà, wọ́n ti jẹ ẹ́. Ó ti sunkún pàápàá, ó rí áńkáṣíìfù tó rin fún omijé lórí àga. Ẹkún náà ti tán láìkàn án. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó tún lo àwo obìnrin àgbà kan tí ń kọ orin èbúté, ohùn rẹ̀ ti ha pẹ̀lú sìgá, láti fi fo òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọjọ́ kan péré ló ní òun fẹ́ fò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé náà gbà. Nígbà tó la ojú tó rí i pé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù ti pé, ọkàn rẹ̀ já. Ó kéré tán, ó mọ ìgbà náà pé kì í ṣe òun ló ń wọn bí ojú ìwé kan ṣe gùn tó. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, Fusae kò sì kọ ọ́, ó kàn ń ṣí i ni.

Ó fa wáyà ẹ̀rọ yọ. Ó da aṣọ bò ó. "Ó tó báyìí," ló sọ fún yàrá. "Mo fẹ́ rí èyí fúnra mi."

Kò gbọ́ orin kankan fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé, ó wọ kóòtù, ó mú báàgì, ó sì kọjá lọ́dọ̀ Orito lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, kó lè dá àpótí àwo padà pẹ̀lú káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò fẹ́ kí ó máa dúró de òun.

Ó ti wọlé kó tó gbọ́ pé orin ń lọ. Fèrè ọparun ni, ọ̀kan ṣoṣo, ohùn tó ń jáde bí ìkùukùu. Orito ń dán sípíkà wò. Ó rí Tokuji, ó rí báàgì, ojú rẹ̀ tàn.

"Há, Bàbá! Ẹ ti ń lọ gba ọmọ!"

Ó wá síwájú, ó sì tẹríba, ó lọ sílẹ̀ gan-an, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tí ayọ̀ ńlá kàn.

Láti ìgbà tí Tokuji ti ń rìn ni wọ́n ti kọ́ ọ pé, tí ènìyàn bá tẹríba fún ọ, o ò gbọ́dọ̀ dúró bí òpó. Ọrùn a máa ṣe é kí ọkàn tó mọ̀. Ó gbọ́ èémí náà létí òsì rẹ̀, kì í ṣe láti inú sípíkà rárá mọ́, ó gbọ́ ọ, ó lanu láti kígbe, orí rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Ohun tó gbé sókè nígbà tó gbé orí sókè ni ọmọ.

Ọmọ náà sanra, ó ti lé ní oṣù méjì, ó sùn sórí itan rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Kanazawa. Kò sí okùn lára igi páìnì mọ́. Chinami jókòó níwájú rẹ̀, ó ń ká aṣọ ọmọ.

"Orí itan yín nìkan ló ti máa ń sùn báyìí," ni Chinami wí. "Bí ẹ ṣe gbé e ní ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé mi ò rí i kí ẹ sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń sunkún. Ẹ ní orúkọ ti wá sí yín lẹ́nu. Ẹ ní Mifuyu."

Tokuji wo ọmọ náà. Ó gbọ́ orúkọ náà bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ aládùúgbò. Kò mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá inú orí rẹ̀, ó wá a bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, kò rí yàrá ọsibítù kan, kò rí nọ́ọ̀sì kan, kò rí ẹkún kan. Ìlérí tó ṣe ti ṣẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ọmọ. Òun nìkan ni kò wá.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Gbà á," ló wí. "Gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó dùn ún débi pé kò lè dúró nínú yàrá pẹ̀lú wọn. Nígbà tí Chinami gbé ọmọ jáde lọ gba oòrùn, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì tún ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó mú ẹ̀dà àwo àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ti gbọ̀ngàn orin ìlú wọn, nítorí ó rò pé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe yẹ kó ti wá. Ó rántí ohun tí Fusae sọ. Tí wọ́n bá gbọn orí, mo máa ń dá a padà síbi tí àmì bá wà.

"Oṣù méjì péré," ló ń bẹ̀ ẹ́. "Ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé. Dá mi padà síbẹ̀, jọ̀ọ́, Fusae. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan mọ́."

Ìṣẹ́jú kẹrin dé. Èémí náà dé. Tokuji gbọn orí: rárá, rárá.

Ó gbọ́ bébà, púpọ̀, tó ń ṣí padà sẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ rẹ̀, ojú ìwé lé ojú ìwé, kò sì dúró. Atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ sí i létí. Nígbà tó dúró, òórùn oògùn ọsibítù ló kọ́kọ́ gbọ́.

Ó wo àtàńpàkò rẹ̀. Kò sí àpá.

Fusae wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà ní imú àti lẹ́nu, ẹ̀rọ ń bá a mí. Dókítà dúró lápá kejì, ó tẹ ọwọ́ mọ́ra, ojú rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Bàbá Hatanaka," ni ó fi ohùn jẹ́jẹ́ wí, "àwa ti ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe. Ṣé kí a yọ rọ́bà náà?"

Ìgbà náà ni Tokuji rántí. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé ọjọ́ yìí, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ti fa èémí sínú ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti la ojú, ó ń wo àgbọ̀n rẹ̀, òun sì ti mi orí. Dókítà ni òun dá lóhùn. Ṣùgbọ́n Fusae ló rí i. Ibí ni àmì náà wà, ibi tó ti kọ́kọ́ mi orí fún un.

Ó fún ọrùn rẹ̀ le. Ó ní, pẹ̀lú ẹnu, "Ẹ yọ ọ́."

Wọ́n yọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì sún sẹ́yìn. Fusae fa èémí kan sínú, díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe kó tó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó sì mú un dúró. Kò tú u sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àgbọ̀n Tokuji, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀, kò sí ju pé ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń dúró dè é.

Dókítà wo aago, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo aago. "Kò yé mi," ló wí.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Tokuji sọ fún un létí. "Máa lọ. Èmi ló ní kí o máa lọ. Fusae, ó ń dùn ọ́."

Fusae kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, àgbọ̀n nìkan ló ń wò. Kò gbọ́ ọ rí nídìí iṣẹ́. Tokuji rò ó títí tí kò fi lè wo ojú rẹ̀ mọ́, ó rántí ọmọ tó sanra tó sùn sórí itan rẹ̀, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì mi orí.

Òdòdó funfun. Aṣọ dúdú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Fusae nínú gbọ̀ngàn ìsìnkú, Chinami wà lọ́tùn-ún rẹ̀, kò tíì lóyún, ojú rẹ̀ wú. Ogójì èèyàn, ó tó bẹ́ẹ̀, tò láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú rẹ̀. Dùùrù ń dún láti inú àwọn sípíkà kékeré tó wà lókè ògiri, ó sì mọ orin náà.

"Àwo tí Màámi fẹ́ràn nìyẹn," ni Chinami sọ sí i létí. "Mo ní kí wọ́n máa tún un lò títí gbogbo èèyàn á fi kí yín tán."

Apá òsì rẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa èémí sínú, ó sún mọ́ ọn débi pé irun etí rẹ̀ mì, wọ́n sì mú un dúró.

Tokuji mọ ohun tó wà níwájú. Tó bá mi orí níbí, yóò la ojú nílé òun nìkan nígbà ìrúwé, bíi ti tẹ́lẹ̀, Orito yóò gbé àpótí àwo wá, Mifuyu yóò sì tún bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tí kò bá mi orí, ó ní ọdún méjì àti díẹ̀ láti gbé, ọjọ́ kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo gígùn wọn. Ó fẹ́ wọn. Kò sí ohun tó wù ú tó wọn mọ́. Ó na ọrùn rẹ̀ títí tó fi ń dùn ún, ó sì gbé àgbọ̀n sókè.

"Bàbá," ni Chinami wí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ díẹ̀, "wọ́n ti ń bọ̀."

Orito ló ṣáájú wọn. Ó dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó pọ́n, ó tẹríba sílẹ̀ gan-an, kò sì gbé orí sókè, ó ń dúró kí Tokuji náà tẹríba fún un.